Ìdènà Kì Í Ṣe Iṣẹ́ Ọjọ́ Kan: Bí Yunifásítì Ṣe Lè Gbógun Ti Ìwà Ipá Láàárín Akẹ́kọ̀ọ́

Àwọn tó ń darí ètò ìdènà ìfipábánilòpọ̀ àti ìwà ipá láàárín olólùfẹ́ ní yunifásítì ni ọ̀rọ̀ tòní dá lé. Kí ni iṣẹ́ wọn gan-an? Èwo ló ń so èso nínú ohun tí wọ́n ń ṣe, èwo ló sì jẹ́ pé owó àti àkókò lásán ni wọ́n ń fi ṣòfò?

Ọ̀pọ̀ yunifásítì ló ní bí wọ́n ṣe máa ń ṣe é. Bí àwọn jámbáìtì bá ti wọlé, wọ́n á kó wọn jọ sínú gbọ̀ngàn ńlá. Ọ̀gá kan á gba máìkì, á kìlọ̀ fún àwọn obìnrin pé kí wọ́n yé rìn lóru, á sì rán àwọn ọkùnrin létí pé ìwé ni wọ́n wá kà. Wọ́n á pín ìwé ìléwọ́ yíká. Kí wákàtí kan tó pé, gbogbo rẹ̀ ti tán, àwọn tó wà lẹ́yìn sì ti ń fi ìwé ìléwọ́ náà fẹ́ ara wọn nítorí ooru. Nígbà tí ọdún bá parí, ọ́fíìsì tó ṣètò rẹ̀ á kọ ọ́ sínú ìròyìn pé àwọn ti dá gbogbo akẹ́kọ̀ọ́ tuntun lẹ́kọ̀ọ́.

Ní 2014, Sarah DeGue àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní CDC, àjọ ìjọba Amẹ́ríkà tó ń rí sí ìdènà àrùn, yẹ irú ètò báyìí wò fínnífínní. Ìwádìí 140 ni wọ́n kó jọ, èyí tí wọ́n ṣe láàárín 1985 sí 2012. Ohun tí wọ́n ń wá ju gbogbo rẹ̀ lọ ni pé: lẹ́yìn ètò yìí, ǹjẹ́ ìwà ipá dínkù? Mẹ́ta péré ni wọ́n rí tó ní ẹ̀rí tó dúró dáadáa pé ó dínkù. Ọ̀kan jẹ́ owó tí ìjọba ń ná lábẹ́ òfin 1994 tó ń dáàbò bo obìnrin. Àwọn ọmọ ilé ẹ̀kọ́ tí kò tíì dé yunifásítì ni wọ́n ṣe méjì tó kù fún. Nínú gbogbo ètò tí àwọn yunifásítì ti ń ná owó lé lórí láti ọdún yìí wá, kò sí ẹyọ kan tó bọ́ sínú mẹ́ta náà. Ìdánilẹ́kọ̀ọ́ wákàtí kan lè yí ohun tí akẹ́kọ̀ọ́ kọ sínú fọ́ọ̀mù padà fún ọ̀sẹ̀ díẹ̀. Wọn ò rí i pé ó yí ohun tó ń ṣe ní alẹ́ Sátidé padà.

Ó pẹ́ kí ọ̀rọ̀ yìí tó di ohun tí yunifásítì ń jíhìn fún rárá. Láàárín àwọn ọdún 1980, Mary Koss, onímọ̀ nípa ìrònú ẹ̀dá ní Yunifásítì Kent State ní ìpínlẹ̀ Ohio, kó ìbéèrè tọ akẹ́kọ̀ọ́ 6,159 lọ ní ilé ẹ̀kọ́ gíga 32 káàkiri Amẹ́ríkà. Ọgbọ́n tó dá ni pé kò kàn bi obìnrin léèrè bóyá wọ́n ti fipá bá a lòpọ̀ rí. Ohun tó ṣẹlẹ̀ gan-an ló ń tọpinpin: ṣé ẹnì kan ti fi agbára mú ọ ṣe é nígbà tí o kò fẹ́? Ṣé wọ́n ti fún ọ lọ́tí títí o kò fi lè kọ̀ mọ́? Nígbà tí èsì jáde ní 1987, ó ju ẹyọ kan lọ nínú obìnrin mẹ́rin-mẹ́rin tó ti kojú ìfipábánilòpọ̀ tàbí ìgbìyànjú rẹ̀ láti ìgbà tó ti pé ọmọ ọdún 14. Púpọ̀ nínú àwọn tó ṣẹlẹ̀ sí kò sì pè é lórúkọ yẹn, nítorí kì í ṣe àjèjì tó lúgọ sínú igbó ló ṣe é. Ó ju mẹ́jọ lọ nínú mẹ́wàá wọn tó mọ ẹni náà: ọmọ kíláàsì, ọ̀rẹ́ ọ̀rẹ́, ọkùnrin tó ń fẹ́ wọn sọ́nà.

Láàárín ìgbà kan náà ni ọ̀ràn Lehigh ṣẹlẹ̀. Ní oṣù Kẹrin 1986, akẹ́kọ̀ọ́ kan ní Yunifásítì Lehigh, ní ìpínlẹ̀ Pennsylvania, gba ẹnu àwọn ilẹ̀kùn tí wọ́n fi nǹkan há sílẹ̀ wọ họ́sítẹ́ẹ̀lì. Ó dé yàrá Jeanne Clery, ọmọ ọdún 19, ó fipá bá a lòpọ̀, ó sì pa á. Àwọn òbí ọmọ náà kò jókòó sunkún lásán. Wọ́n lépa ọ̀rọ̀ náà títí ìjọba àpapọ̀ fi ṣe òfin ní 1990, tó ń jẹ́ orúkọ ọmọ wọn títí dòní. Òfin Clery ní kí gbogbo ilé ẹ̀kọ́ gíga tó ń jẹ nínú owó ìrànwọ́ ìjọba máa tẹ iye ìwà ọ̀daràn tó ń ṣẹlẹ̀ nínú ọgbà wọn jáde lọ́dọọdún. Ní 2013 ni wọ́n fi kún un pé ìṣirò nìkan kò tó: kí wọ́n máa dá akẹ́kọ̀ọ́ tuntun àti òṣìṣẹ́ tuntun lẹ́kọ̀ọ́ nípa ìdènà, kí ẹ̀kọ́ náà sì máa bá a lọ lẹ́yìn ọjọ́ ìkínikáàbọ̀. Láti ìgbà náà ni kò ti sí yunifásítì Amẹ́ríkà tó ń gba owó náà tó lè sọ pé ọ̀rọ̀ náà kò kan òun.

Òfin lè ní kí wọ́n ṣe ètò. Kò lè sọ èyí tó ń ṣiṣẹ́ fún wọn.

Ọdún kan péré lẹ́yìn ìwádìí DeGue ni ìdáhùn kan jáde láti Windsor. Ìlú Kánádà ni Windsor, létí odò tó dojú kọ Detroit. Ọ̀jọ̀gbọ́n Charlene Senn ní yunifásítì ibẹ̀ ló darí iṣẹ́ náà, ìwé ìròyìn ìṣègùn tó lókìkí, New England Journal of Medicine, ló sì gbé e jáde ní oṣù Kẹfà 2015. Obìnrin 893 tó wà ní ọdún kìn-ín-ní ní yunifásítì mẹ́ta, Windsor, Guelph àti Calgary, ló kópa. Wọ́n pín wọn sí ọ̀nà méjì láìṣe ojúsàájú. Apá kan gba ìwé ìléwọ́, gẹ́gẹ́ bí yunifásítì ṣe máa ń ṣe. Apá kejì jókòó fún ìdánilẹ́kọ̀ọ́ wákàtí 12: ìjókòó mẹ́rin, wákàtí mẹ́ta-mẹ́ta.

Ẹ jẹ́ ká wọ inú yàrá yẹn díẹ̀. Àwọn obìnrin bíi 20 ló wà níbẹ̀, ọ̀dọ́bìnrin tí ọjọ́ orí rẹ̀ kò jìnnà sí tiwọn ló sì ń darí wọn, kì í ṣe màmá àgbà tó wá gbani nímọ̀ràn. Ní ìjókòó kìn-ín-ní, wọ́n ń kọ́ láti dá ewu mọ̀ lára ẹni tí wọ́n mọ̀: ọkùnrin tó ń fọgbọ́n yà wọ́n sọ́tọ̀ kúrò lára àwọn ọ̀rẹ́ wọn, tó ń rọ ọtí sí ife lẹ́yìn tí wọ́n ti ní ó tó, tí kò gba “rárá” lórí ọ̀rọ̀ kékeré, débi tí yóò gbà á lórí ọ̀rọ̀ ńlá. Ìjókòó kejì ló le jù. Obìnrin tó lè figbe ta bí àjèjì bá fà á lọ́wọ́ lójú títì lè má lè gbé ohùn sókè sí ọmọ kíláàsì rẹ̀. Ojú á máa tì í. Á máa rò ó pé bóyá òun ló ṣi ọ̀rọ̀ náà gbọ́, pé wọ́n á ní òun ń ṣe fọ́ńté. Ohun tí wọ́n ń ṣe níbẹ̀ ni pé wọ́n ń fi ẹnu wọn sọ ọ̀rọ̀ náà jáde, léraléra, títí kò fi ní há lọ́fun mọ́.

Ìjókòó kẹta ni ti ìgbèjà ara ẹni, tí wọ́n mú láti inú Wen-Do, ẹ̀kọ́ ìgbèjà tí wọ́n dá sílẹ̀ fún obìnrin ní Toronto ní àwọn ọdún 1970. Wọ́n ń kọ́ bí ohùn ṣe ń jáde láti inú ikùn, àti ibi tí ó yẹ kí ìgúnpá tàbí orúnkún bá ẹni tó lágbára ju èèyàn lọ. Ìjókòó kẹrin kò mẹ́nu kan ìjà rárá. Ohun tí obìnrin náà fúnra rẹ̀ fẹ́ nínú ìfẹ́ àti ìbálòpọ̀ ni wọ́n ń sọ níbẹ̀, ohun tí kò fẹ́, àti bí yóò ṣe sọ ọ́. Ẹni tó ti mọ ohun tó fẹ́ tẹ́lẹ̀ kì í pẹ́ fura bí ẹlòmíràn bá ń tì í síbi tí kò fẹ́.

Lẹ́yìn ọdún kan, wọ́n padà lọ béèrè. Nínú 100 obìnrin tó gba ìwé ìléwọ́, bíi 10 ni wọ́n ti fipá bá lòpọ̀ láàárín ọdún náà. Nínú 100 tó jókòó kẹ́kọ̀ọ́, wọ́n jẹ́ bíi 5. Ní ti ìgbìyànjú tí kò yọrí, ó jẹ́ 9.3 nínú 100 lápá kan, 3.4 lápá kejì. Àwọn olùwádìí ṣírò ọ̀rọ̀ náà lọ́nà tó lè yé ọ̀gá yunifásítì èyíkéyìí: bí obìnrin 22 bá gba ẹ̀kọ́ náà, ní ìpíndọ́gba, ẹnì kan wà láàárín wọn tó bọ́ lọ́wọ́ ìfipábánilòpọ̀ lọ́dún yẹn. Nígbà tí ọdún méjì pé, àǹfààní rẹ̀ ṣì wà.

Àwọn kan á ní, ṣé kì í ṣe pé wọ́n ti di ẹrù ọ̀ràn náà ru obìnrin báyìí? Wọ́n ní ká kọ́kọ́ lé akátá lọ ná, ká tó fàbọ̀ bá adìyẹ wí. Ètò Senn kò bá adìyẹ wí rárá. Láti ìjókòó kìn-ín-ní ni wọ́n ti ń sọ ọ́ pé ẹni tó hùwà ipá nìkan ló jẹ̀bi, ì báà jẹ́ pé obìnrin jà, ì báà jẹ́ pé ẹ̀rù bà á tí kò lè mira. Nígbà tí wọ́n sì yẹ èrò ọkàn àwọn tó kẹ́kọ̀ọ́ wò, ìgbàgbọ́ pé obìnrin ló máa ń fà á sọ́rùn ara rẹ̀ ti dínkù láàárín wọn.

Síbẹ̀, ìbéèrè náà tọ́. Akátá ńkọ́? Àwọn tó sì wà nítòsí tí wọ́n ń wòran ńkọ́?

Yorùbá kò fi ọ̀rọ̀ òǹwòran ṣeré: àgbà kì í wà lọ́jà kí orí ọmọ tuntun wọ́. Ṣùgbọ́n ìwádìí fi hàn pé bí àgbà bá pọ̀ lọ́jà, orí ọmọ tuntun lè wọ́ dáadáa. Ní 1968, Bibb Latané àti John Darley ní kí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ jókòó sí yàrá kan kí wọ́n máa kọ fọ́ọ̀mù. Láìpẹ́, èéfín bẹ̀rẹ̀ sí gba ihò ara ògiri wọlé. Nínú àwọn tó dá nìkan wà nínú yàrá, mẹ́ta nínú mẹ́rin jáde lọ sọ ohun tí wọ́n rí. Níbi tí àwọn mẹ́ta tí kò mọra bá jókòó pọ̀ sí, ó dín sí bíi ẹgbẹ́ méjì nínú márùn-ún tí ẹnì kan ti dìde. Àwọn yòókù ń nu ojú, wọ́n ń húkọ́, wọ́n ń wo ojú ara wọn, wọ́n sì ń kọ fọ́ọ̀mù wọn lọ. Olúkúlùkù rò pé bí ewu bá wà, ẹlòmíràn ì bá ti dìde.

Èyí ni àwọn olùdarí ètò ní yunifásítì méjì gbé yẹ̀ wò. Ní Yunifásítì New Hampshire, Victoria Banyard àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ṣe ètò kan tí kì í bá ọkùnrin sọ̀rọ̀ bí ọ̀daràn, tí kì í sì í bá obìnrin sọ̀rọ̀ bí ẹni tí wọ́n máa tó ṣe léṣe. Òǹwòran tó lè dá sí i ni wọ́n ka gbogbo ẹni tó bá wọlé sí. Ní Yunifásítì Kentucky, Dorothy Edwards dá ètò Green Dot sílẹ̀. Ó ní kí akẹ́kọ̀ọ́ fojú inú wo àwòrán ilẹ̀ tí wọ́n ń to àmì pupa sí, bí àwọn oníṣègùn ṣe ń ṣe bí àjàkálẹ̀ àrùn bá ń tàn. Àmì pupa kọ̀ọ̀kan jẹ́ ìwà ipá kan. Ohunkóhun tí ẹnikẹ́ni bá ṣe tàbí tó sọ láti dá ìwà ipá dúró jẹ́ àmì aláwọ̀ ewé kan. Kò sí ẹni tí wọ́n ní kó gba ayé là. Àmì kan ni wọ́n ń béèrè lọ́wọ́ olúkúlùkù.

Ọ̀nà mẹ́ta ni wọ́n kọ́ wọn: kí èèyàn dá sí i fúnra rẹ̀, kó pe ẹlòmíràn tó lè dá sí i, tàbí kó fọgbọ́n tú ọ̀rọ̀ náà ká. Ká gbé e wá sílé. Ní páàtì ọjọ́ ìbí kan lẹ́yìn ọgbà, ọkùnrin kan ti di ọ̀dọ́mọbìnrin tó ti mutí yó lọ́wọ́ mú, ó ń fà á lọ sí ẹ̀yìnkùlé. Onígboyà lè lọ bá wọn pé, “Bọ̀dá, ẹ fi í sílẹ̀, kò mọ ibi tó wà mọ́.” Ẹni tí àyà rẹ̀ kò gbà á lè sáré lọ pe àwọn ọ̀rẹ́ ọmọbìnrin náà tàbí ẹni tó ni ilé. Ẹni tí kò sì fẹ́ wàhálà lè kígbe sí ọkùnrin náà pé, “Ṣé ìwọ lo ni Corolla tó wà níta yẹn? Wọ́n fẹ́ fi ọkọ̀ ńlá wọ́ ọ lọ o!” Kò sí Corolla kankan níta. Ṣùgbọ́n ìṣẹ́jú méjì tí ó fi lọ wò ó tó fún wọn láti gbé ọmọbìnrin náà kúrò níbẹ̀.

Ta ni wọ́n máa ń kọ́kọ́ dá lẹ́kọ̀ọ́? Kì í ṣe àwọn tó fẹ́ràn àpérò nìkan. Wọ́n ń wá àwọn tí ẹgbẹ́ ń wo ẹnu wọn: agbábọ́ọ̀lù, gómìnà kíláàsì, ẹni tí páàtì kì í dùn láìsí i níbẹ̀. Jackson Katz ti rí èyí ṣáájú. Ní 1993, nígbà tó bẹ̀rẹ̀ ètò tirẹ̀ ní Yunifásítì Northeastern ní Boston, àwọn eléré ìdárayá ló kọ́kọ́ tọ̀ lọ, nítorí pé bí ọ̀gá ẹgbẹ́ bọ́ọ̀lù bá ní ọ̀rọ̀ rírùn kan kò dùn ún gbọ́, ẹ̀rín á gbẹ lẹ́nu àwọn yòókù.

Àwọn ọkùnrin fúnra wọn sì lè kẹ́kọ̀ọ́. Ní Atlanta, Laura Salazar ti Yunifásítì Georgia State ṣe ètò orí íntánẹ́ẹ̀tì kan tó ń jẹ́ RealConsent, apá mẹ́fà, ìṣẹ́jú 30-30, tí eré oníṣe wà nínú rẹ̀. Akẹ́kọ̀ọ́kùnrin 743 ló bẹ̀rẹ̀ ìwádìí náà, èsì rẹ̀ sì jáde ní 2014. Nínú àwọn tó dáhùn lẹ́yìn oṣù mẹ́fà, ìwà ipá tí àwọn tó kẹ́kọ̀ọ́ náà jẹ́wọ́ kéré sí ti àwọn yòókù, wọ́n sì ń dá sí i nígbà púpọ̀ ju àwọn yòókù lọ. Ohun tó yẹ kí irú ẹ̀kọ́ yìí fi yé ọmọkùnrin kò ṣòro. Ìdákẹ́jẹ́ kì í ṣe ìyọ̀ǹda. Ẹni tó ti sùn tàbí tó ti yó kò lè yọ̀ǹda. Ẹni tó gbà lánàá lè kọ̀ lónìí. Ẹni tó tẹ̀lé ọ wá sí yàrá rẹ, tó jẹ ìrẹsì rẹ, kò jẹ ọ́ ní gbèsè ohunkóhun.

Ìwà ipá láàárín olólùfẹ́ ní tirẹ̀ kì í bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú ẹ̀ṣẹ́. Ó lè bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú “fún mi ní nọ́ńbà tó ń ṣí fóònù rẹ”, kó di “ta ló tún ń kí ọ yẹn?”, kó wá di ìfọ́tí tí wọ́n á fi omijé àti ẹ̀bùn bẹ̀bẹ̀ fún. Àwọn ọ̀rẹ́ á ní ìfẹ́ ló ń pa á. Ọ̀kan nínú mẹ́ta tí DeGue rí, ètò Safe Dates tí Vangie Foshee ṣe ní North Carolina, dá lórí èyí gan-an. Ìjókòó mẹ́wàá ni, pẹ̀lú eré orí ìtàgé tí àwọn ọmọ fúnra wọn ń ṣe àti ìdíje àwòrán. Ọdún mẹ́rin lẹ́yìn rẹ̀, ipa rẹ̀ ṣì hàn lára àwọn ọmọ tó gbà á.

Ìkejì nínú mẹ́ta náà, Shifting Boundaries, tí wọ́n dán wò ní ilé ẹ̀kọ́ 30 ní New York, ló yẹ kí gbogbo olùdarí ètò yá ọgbọ́n rẹ̀ lò. Wọ́n fún àwọn ọmọ ní àwòrán ilé ẹ̀kọ́ wọn, wọ́n ní kí wọ́n fi àwọ̀ kun ibi tí ọkàn wọn kì í balẹ̀ sí. Àwọn ọmọ mọ̀ ọ́n dájú: igun abẹ́ àtẹ̀gùn, ọ̀nà ilé ìtura, ibì kan tí olùkọ́ kì í gbà kọjá. Ibẹ̀ ni wọ́n wá ní kí àgbàlagbà máa dúró sí. Ìwà ìfìtínà dínkù. Ibi tí ewu wà ni wọ́n yí padà.

Bí akẹ́kọ̀ọ́ yunifásítì ilẹ̀ Nàìjíríà bá kun irú àwòrán yẹn, àwọn ibì kan wà tí ó dájú pé wọn ò ní fo kọjá. Ní 2018, ohùn ọ̀jọ̀gbọ́n kan ní OAU, Ilé-Ifẹ̀, tó ń dúnàádúrà ìbálòpọ̀ nítorí máàkì pẹ̀lú akẹ́kọ̀ọ́ rẹ̀, ta káàkiri orí fóònù. Yunifásítì lé e lẹ́nu iṣẹ́, ilé ẹjọ́ gíga ìjọba àpapọ̀ ní Òṣogbo sì rán an lẹ́wọ̀n ọdún méjì ní oṣù Kejìlá ọdún náà. Ní oṣù Kẹwàá 2019, oníròyìn Kiki Mordi àti àwọn òṣìṣẹ́ BBC gbé fídíò jáde nípa àwọn olùkọ́ ní UNILAG àti Yunifásítì Ghana. Yàrá kan wà nínú kíláàbù àwọn òṣìṣẹ́ UNILAG tí wọ́n ń pè ní Cold Room, tí fídíò náà sọ ohun tó ń lọ níbẹ̀. Kò pẹ́ lẹ́yìn tí ó jáde tí yunifásítì ti yàrá náà pa. Ní ọjọ́ 7 oṣù Keje 2020, ilé ìgbìmọ̀ aṣòfin àgbà fọwọ́ sí àbá òfin tó lè rán olùkọ́ bẹ́ẹ̀ lẹ́wọ̀n títí dé ọdún 14. ASUU, ẹgbẹ́ àwọn olùkọ́, kò fara mọ́ ọn. Wọ́n ní àwọn òfin tó wà nílẹ̀ ti tó.

Ẹ wò ó bí gbogbo rẹ̀ ṣe tò: ohùn tó ta síta, fídíò, ẹ̀wọ̀n, àbá òfin. Lẹ́yìn tí nǹkan ti bàjẹ́ ni gbogbo wọn dé. Ìdènà ní láti ṣáájú, ọ́fíìsì olùkọ́ sì gbọ́dọ̀ wà nínú àwòrán náà. Ó lè jẹ́ gíláàsì tí wọ́n fi sí ara ilẹ̀kùn. Ó lè jẹ́ pé nọ́ńbà ni akẹ́kọ̀ọ́ ń kọ sórí ìwé ìdánwò, tí orúkọ kò sí níbẹ̀, tí olùkọ́ kejì sì ń yẹ máàkì wò. Ó lè jẹ́ pé ẹni tó fẹ́ kí wọ́n tún ìwé rẹ̀ wò ń gba ẹ̀ka lọ, tí kò ní láti dá nìkan kan ilẹ̀kùn ẹnikẹ́ni. Kò sí ìkankan níbẹ̀ tó nílò ìbúwọ́lù ààrẹ.

Olùdarí ètò tún ní láti mọ ohun tí yóò ṣe nígbà tí ìdènà bá kùnà. Ní ọjọ́ kejì tó bá ti dánilẹ́kọ̀ọ́, ẹnì kan á wá jókòó síwájú rẹ̀, á sì ní, “Ohun tí ẹ sọ lánàá yẹn, wọ́n ti ṣe é fún mi.” Nítorí náà, kò yẹ kí olùdarí ètò ìdènà jẹ́ ẹni tó ń gbọ́ ẹjọ́ ìbáwí ní yunifásítì. Akẹ́kọ̀ọ́ ní láti mọ ẹni tó lè bá sọ̀rọ̀ láìjẹ́ pé ọ̀rọ̀ náà á di fáìlì, kó sì mọ ẹni tó jẹ́ pé bí òun bá ti sọ ọ́ fún un, ìwádìí bẹ̀rẹ̀ nìyẹn. Ní Èkó, Mirabel Centre wà nínú ọgbà ilé ìwòsàn LASUTH ní Ìkẹjà láti 2013, ibi àkọ́kọ́ irú rẹ̀ ní Nàìjíríà tí ẹni tí wọ́n fipá bá lòpọ̀ ti lè rí dókítà àti olùdámọ̀ràn lójú kan náà. Ó yẹ kí olùdarí mọ irú ibi bẹ́ẹ̀ tó sún mọ́ ọn, kó sì mọ ìwọ̀n àkókò lórí: òògùn tó ń dènà kòkòrò HIV gbọ́dọ̀ bẹ̀rẹ̀ kí wákàtí 72 tó pé, òògùn tó ń dènà oyún sì wà tó lè ṣiṣẹ́ títí di wákàtí 120, bó bá sì ṣe yá tó ló dára tó. Bí ẹni náà bá lè fara dà á, kó má tíì wẹ̀, kó má sì fọ aṣọ tó wọ̀. Inú àpò bébà ni kó kó aṣọ náà sí, nítorí pé nínú ọ̀rá, ọ̀rinrin á ba ẹ̀rí jẹ́.

Ó ku ọ̀rọ̀ ìṣirò, ibẹ̀ ni ọ̀pọ̀ ètò ti ń kú. Bí akẹ́kọ̀ọ́ bá bẹ̀rẹ̀ sí fọkàn tán ọ́fíìsì kan, iye ẹjọ́ tó ń wọlé á pọ̀ sí i. Ọ̀gá yunifásítì tí kò gbọ́n sí i á ní ètò yìí ló kó ìtìjú bá àwọn. Ìdí nìyí tí olùdarí tó mọṣẹ́ fi máa ń ṣe ìwádìí tí kò gba orúkọ ẹnikẹ́ni kó tó bẹ̀rẹ̀, tí ó sì máa ń tún un ṣe lọ́dọọdún, kó lè fi hàn bóyá ìwà ipá ló ń pọ̀ sí i tàbí ẹnu ló ń là.

Sùúrù sì ni olówó kì í fẹ́ ní. Nígbà tí wọ́n fẹ́ dán Green Dot wò dáadáa, Ann Coker àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Yunifásítì Kentucky gbé e lọ sí ilé ẹ̀kọ́ gírámà 26 ní ìpínlẹ̀ náà láti 2010. Wọ́n ṣẹ́ kèké; ìdajì gba ètò náà, ìdajì kò gbà á. Ọdún kìn-ín-ní lọ sórí ọ̀rọ̀ sísọ fún gbogbo ilé ẹ̀kọ́. Láti ọdún kejì ni wọ́n ti ń dá àwọn ọmọ tí ẹgbẹ́ ń wò lẹ́kọ̀ọ́. Ìgbà tó di ọdún kẹta àti ọdún kẹrin ni ìdínkù ìfipábánilòpọ̀ àti àwọn ìwà ipá mìíràn níbẹ̀ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ hàn kedere nínú ìṣirò. Bó bá jẹ́ pé owó ọdún méjì ni wọ́n fún wọn, ohun tí wọn ì bá kọ sínú ìròyìn ni pé Green Dot kò ṣiṣẹ́.